Ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àyẹ̀wò Ìwé Isaac Fadoyebo àti Iṣẹ́ tí ó Tẹ̀lé Ogun

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá yẹ àwọn ìtàn ogun tí a ní ní ilẹ̀ wa wò, yálà èyí tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn arókin tàbí èyí tí a kà nínú ìwé, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni kò rékọjá ẹ̀fà. Ìbọn dún, ọ̀tá sá, akọni padà wọ ìlú, ìlù dún, ìtàn sì parí. Ohun tí akọni náà ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn onílù ti lọ sí ilé wọn, tí ebi sì ń pa á, a kì í sábà rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú gbogbo ọ̀ràn tí ó ń dojú kọ ẹni tí ó ti ojú ogun bọ̀, èyí ni ó le jù: iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe jẹun?

Ète àyẹ̀wò yìí ni láti fi ojú ìbéèrè yẹn wo ìwé kékeré kan tí ọmọ Yorùbá kan kọ, tí a kò tíì kà sí tó bí ó ti yẹ. Òǹkọ̀wé náà ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni A Stroke of Unbelievable Luck, èyí tí a lè pè ní Oríire tí Kò Ṣeé Gbàgbọ́. David Killingray ni ó ṣe olóòtú rẹ̀, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Fadoyebo fúnra rẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ní 2012.

Ní ilé-ìkàwé kan ní òkè òkun ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwé yìí, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Àárín àwọn ìwé ìtàn ogun ni wọ́n tò ó sí. Mo kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ogun, mo sì dá a padà. Nígbà tí mo tún kà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo rí i pé ibi tí wọ́n tò ó sí ni ó ṣì mí lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìwé nípa iṣẹ́ ni ìwé yìí ju bí ó ti jẹ́ ìwé nípa ogun lọ. Àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí Fadoyebo dà lẹ́yìn ogun ni ó kọ ọ́, kì í ṣe ọmọ-ogun tí ó ti jẹ́ rí.

I. Bí ó ti wọ iṣẹ́ sójà

Ní 1942 ni Fadoyebo wọ iṣẹ́ sójà, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Kò bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè kí ó tó lọ, kò sì fi èyí pa mọ́ fún òǹkàwé. Kò sọ fún wa pé ìfẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé òun lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ jagunjagun ń hó nínú òun. Bí ó ti ro ó, ẹni tí ń wá iṣẹ́ ni ó jẹ́. A ní láti rántí bí ayé ti rí nígbà náà. Ọmọ tí ó bá jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò sì sí owó láti rán an síwájú, ó lè di olùkọ́ kékeré bí ó bá rí ẹni gbà á, ó lè wá iṣẹ́ akọ̀wé lọ sí ìlú ńlá, tàbí kí ó padà sí oko bàbá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ológun dé, ó ní oúnjẹ wà, aṣọ wà, owó oṣù sì wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níhìn-ín. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ènìyàn a máa lọ sí ogun lẹ́yìn balógun rẹ̀, ìkógun sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn a máa gba iṣẹ́ sójà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí iṣẹ́ rélùwéè. Ẹni tí ó jẹ́ jagunjagun kò lè fi jíjẹ́ jagunjagun sílẹ̀. Yóò wọ inú oríkì rẹ̀, a ó sì máa fi ki àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ sójà mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó gba aṣọ lára òun. Fadoyebo jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì yìí láti ojú ìwé kìn-ín-ní. Ẹni tí ó bá ń wá oríkì nínú ìwé rẹ̀ yóò wá a tì.

II. Oṣù mẹ́sàn-án nínú igbó

Èmi kì yóò pẹ́ lórí ogun náà, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìwé yìí. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànì jà. Fadoyebo wà lára wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, ọ̀tá ṣí ìbọn bò wọ́n létí odò Kaladan. Ọta bà á ní orúnkún àti ní ikùn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ó ku òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, tí ọta ti bà pẹ̀lú. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́yìn ọ̀tá. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí agbègbè náà, pàápàá ọ̀kan tí ń jẹ́ Shuyiman, ni ó ń bọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n pa mọ́, títí àwọn ọmọ-ogun Gurkha fi dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ohun tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò kíyè sí ni pé nínú gbogbo oṣù wọ̀nyí, Fadoyebo kò yin ìbọn kan. Kò pa ọ̀tá, kò gba ìlú. Ó dùbúlẹ̀, ó retí oúnjẹ, ó ka ọjọ́, ó gbọ́ràn sí àgbẹ̀ kan tí èdè wọn kò pọ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n akọni wọ̀n ọ́n, kò sí ohun tí a ó rí wọ̀n. Ṣùgbọ́n òwe wa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, Fadoyebo sì ni arọ tí ogun tí a kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ bá, tí kò sì pa á. Sùúrù, ìṣírò, ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìmoore ni ó fi là á já. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwà mẹ́rin wọ̀nyí sí ọkàn, nítorí pé a ó tún pàdé wọn.

III. Ìpadàbọ̀ àti iṣẹ́

Ó padà sí ilé ní 1945. Ọmọ tí a ti rò pé ó ti kú wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì ní gún mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Níhìn-ín ni ẹ̀fà parí. Kí ni èje?

Kì í ṣe òun nìkan ni ó dojú kọ ìbéèrè yìí. Nǹkan bí 100,000 ọmọ Nàìjíríà ni ó wọ iṣẹ́ ogun náà, púpọ̀ jùlọ nínú wọn ni a sì tú sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ìjọba mọ̀ pé ewu wà nínú kí àwọn tí ó ti mọ ìbọn lò máa rìn kiri láìrí iṣẹ́. Ní 1945, ó ṣe òfin pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ojú ogun bọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú iṣẹ́ sójà wá iṣẹ́ awakọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ aṣọ rírán ra ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá àti iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ni ó padà sí oko. Ọ̀pọ̀ sì ni ó rí i pé iṣẹ́ tí a ṣèlérí fún wọn kò tó. Ọ̀mọ̀wé G. O. Olúsànyà kọ ní 1968 pé ipa tí àwọn sójà tí ó padà bọ̀ kó nínú òṣèlú ilẹ̀ wa kò tó bí àwọn ènìyàn ti ń pariwo rẹ̀. Bí a bá gbà fún un, ó yẹ kí a béèrè ibi tí wọ́n lọ bí wọn kò bá lọ sí orí àga òṣèlú. Ìdáhùn mi ni pé wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́, níbi tí àwọn òpìtàn kì í sábà wò.

Fadoyebo di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Oko wà, ṣùgbọ́n orúnkún tí ọta ti bà jẹ́ kì í ṣe orúnkún tí a fi ń kọ ebè. Òwò wà, ṣùgbọ́n òwò ń fẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé díẹ̀ tí ó kà kí ó tó lọ, tí kò tó láti fún un ní ipò nígbà náà, ni ohun kan ṣoṣo tí ogun kò bà jẹ́ lára rẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó wá fi ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Àlàyé tèmi ni èyí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun gbogbo tí ó wà nínú ìwé náà tì í lẹ́yìn.

Nínú iṣẹ́ ìjọba, kí ni a ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn? Sùúrù, ìṣírò, ìwà pẹ̀lẹ́. Àwọn ìwà tí ó fi yè nínú igbó Bọ́mà náà ni. Ohun tí ó gbé bọ̀ láti ojú ogun, tí ó sì wúlò fún un ní ilé, kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀gá ológun kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ Shuyiman ni. Èyí ni mo kà sí ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé kò sọ ọ́ jáde.

IV. Àléébù ìwé náà àti ẹwà rẹ̀

Nítorí pé kò sọ ọ́ jáde, mo ní ẹ̀sùn kan sí ìwé yìí, n kò sì ní fi bò. Púpọ̀ nínú ojú ìwé rẹ̀ ni ó lò fún Bọ́mà. Nígbà tí ó bá di ọ̀ràn ìpadàbọ̀, ẹsẹ̀ òǹkọ̀wé a yá. Ọkùnrin tí ó lè sọ ohun tí òun jẹ ní ọjọ́ kan nínú igbó kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ní òru ọjọ́ tí ó pinnu pé òun kò ní ṣe àgbẹ̀. Ṣé ojú tì í ni? Ṣé àwọn ará ilé fi í ṣe ẹlẹ́yà, tàbí wọ́n gbà á níyànjú? A fẹ́ mọ̀, kò sì sọ. Òun pẹ̀lú gbà, bí gbogbo wa ti gbà, pé ogun ni ó yẹ ní kíkọ, iṣẹ́ kò sì yẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kọ ọ́ ti tú àṣírí tí ẹnu rẹ̀ kò tú. Ẹ wo bí gbólóhùn rẹ̀ ti rí. Kò sí asán ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́, ibi, iye ènìyàn, ẹni tí ó ṣe oore, ẹni tí ó yẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìrora ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀, bí ti ẹni tí ń kọ ìròyìn sí ọ̀gá tí kò fẹ́ kí a fi ẹkún kún un. A kò bí ènìyàn mọ́ irú ọwọ́ ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún nídìí tábìlì ni ó ń fúnni. Ọmọ ọdún 18 tí ó dùbúlẹ̀ létí odò Kaladan kò lè kọ ìwé yìí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi ọdún gígùn kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ òtítọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé iṣẹ́ kejì ni ó bí ìtàn iṣẹ́ kìn-ín-ní. Bí Fadoyebo kò bá rí iṣẹ́ tí ó bá a mu lẹ́yìn ogun, ó ṣeé ṣe kí a má rí ìwé kankan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

V. Bí àwọn mìíràn ti ṣe é

Bí a bá fi ìwé yìí wé àwọn mìíràn, ipò rẹ̀ a túbọ̀ hàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọgbọ́n tí Ìrágbèje kọ́ àwọn ọdẹ ni ẹrù pàtàkì tí wọ́n gbé bọ̀ láti Òkè Lángbòdó. Fágúnwà mọ̀ pé ohun tí ènìyàn gbé bọ̀ ju ibi tí ó lọ. Ṣùgbọ́n a kò rí Àkàrà-Ògùn kí ó máa fi ọgbọ́n náà wá oúnjẹ òòjọ́. Ìtàn sísọ ni iṣẹ́ tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bíyì Bándélé, tí bàbá rẹ̀ jà ní Bọ́mà, kọ Burma Boy ní 2007. Ìwé tí ó dára gan-an ni, ó kún fún ẹ̀rín àti ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n inú igbó ni Bándélé fi Ali Banana, ọmọ kékeré inú ìtàn náà, sí títí ìwé fi parí. Kò mú un dé ilé wá wá iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá òǹkọ̀wé padà wálé, ó níyàwó, ó bímọ, ó sì ṣiṣẹ́. Ìtàn kejì wà nínú ilé náà gan-an, ìtàn kìn-ín-ní ni ọmọ yàn láti kọ.

Ousmane Sembène ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó súnmọ́ Fadoyebo jù lójú tèmi. Òun pẹ̀lú ṣe sójà nínú ogun náà, lábẹ́ àwọn Faransé. Lẹ́yìn rẹ̀ ó lọ sí Marseille, ó ń ru ẹrù ní èbúté, iṣẹ́ yìí ni ó sì fi sọ ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní lórúkọ ní 1956. Ní 1988, ó ṣe fíìmù nípa Thiaroye, níbi tí àwọn Faransé ti yìnbọn pa àwọn sójà ọmọ Áfíríkà ní oṣù Kejìlá 1944 nítorí pé wọ́n béèrè owó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún. Sembène rí i kedere pé ọ̀ràn sójà tí ó padà bọ̀ jẹ́ ọ̀ràn owó iṣẹ́ àti iṣẹ́. Ohun tí ó fi ìbínú sọ ni Fadoyebo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ.

Ẹnìkan lè sọ pé a ti ní àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù wọ̀nyí: Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, ó bọ́ aṣọ ológun, ó sì lọ ṣe àgbẹ̀ ní Ọ̀tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun tí ó di àgbẹ̀ ní orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀ dé oko. Sójà kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní. Bí a bá fẹ́ mọ bí yíyan iṣẹ́ lẹ́yìn ogun ti rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní orúkọ ni a ó lọ.

VI. Ọ̀rọ̀ sí àwọn olùkọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò wí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, kí ni ó kàn wá? Èsì mi ni pé èrò tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa kò ya idà àti ọkọ́ sí ọ̀tọ̀. Ògún tí ó ni jagunjagun ni ó ni alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, onígbàjámọ̀, àgbẹ̀ àti awakọ̀. Irin kan náà ni. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni ó ń pààrọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tú ká ní 1893, àwọn tí ó ti dàgbà sí inú ogun, tí wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ní láti wá ohun tí wọn yóò ṣe. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ ti 1975 lórí kòkó, fi hàn pé àwọn tí ogun tú sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ tuntun náà lárugẹ. A ní oríkì àwọn balógun wọn títí di òní olónìí. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ibùdó ogun lọ gbin kòkó?

Ní àdúgbò tí a ti tọ́ mi dàgbà, bàbá arúgbó kan wà tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Sójà. Télọ̀ ni. Òun ni ó ń rán aṣọ ilé-ìwé wa. Bí a bá lọ gba aṣọ, a ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ó ní, “Bàbá, ẹ sọ ìtàn Bọ́mà fún wa.” Ó lè sọ díẹ̀, ó sì lè rẹ́rìn-ín kí ó máa tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe sójà o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ ò bi mí nípa èyí tí mo ti ń ṣe láti ìgbà yẹn.” A rẹ́rìn-ín, a sì tún béèrè ìtàn Bọ́mà. Ó ti kú báyìí. N kò mọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní aṣọ rírán, n kò mọ ìdí tí ó fi yàn án, n kò sì mọ ọdún tí ó fi ra ẹ̀rọ náà. Mo mọ iye ọjọ́ tí ó fi wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Índíà.

Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi ìwé Fadoyebo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ó má ṣe dúró létí odò Kaladan. Kí ó bi wọ́n pé: kí ni ọkùnrin yìí ní lọ́wọ́ nígbà tí ó dé ilé? Kí ni ó sọnù? Nínú ohun tí ó kù, èwo ni ó fi ṣiṣẹ́? Lẹ́yìn náà kí ó rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tí bàbá tàbí bàbá bàbá wọn ti ṣe sójà rí, kí wọ́n béèrè iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ayé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ṣì wà, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sì ṣì wà nínú yàrá. Ìwé tí Fadoyebo kò kọ parí wà lọ́wọ́ wa láti kọ.